Rọ́bà Tó Wà Láàárín Púlì

Ẹ gbé púlì kúráńkì méjì sórí tábìlì. Èkínní ni èyí tó bá ọkọ̀ jáde láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é: irin dúdú ni, ó wúwo, lọ́pọ̀ ìgbà ó máa ń tó kìlò 2 tàbí 3. Bí ẹ bá fi àkísà nu ọ́ìlì àti eruku ojú rẹ̀ kúrò, ẹ ó rí ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó yí po láàárín ihò tó ń wọ orí kúráńkì àti etí tí bẹ́ẹ̀tì ń gbà. Ẹ fi èékánná tẹ ìlà náà, rọ́bà ni. Èkejì ni púlì alumíníọ̀mù tó ń dán yinrin, tí wọ́n kùn ní pupa tàbí búlúù, tí ọmọdé lè fi ọwọ́ kan gbé. Kò sí rọ́bà lára tirẹ̀, odindi ni láti ihò dé etí. Àwọn tó ń tà á ní ó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tètè dìde, wọ́n ní ó ń fi agbára kún un, wọ́n sì ní kò sí aburú kankan níbẹ̀. Èmi tí mo ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì kò gbà bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe nítorí pé mo kórìíra ohun tó bá fúyẹ́. Ìlà rọ́bà yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. Ẹni tó bá yọ púlì onírọ́bà kúrò lórí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n dìídì ṣe é fún, tó wá fi odindi rọ́pò rẹ̀, ohun tó ń ṣọ́ kúráńkì ló yọ dà nù, ohun tó sì gbà dípò rẹ̀ kéré débi pé a lè fi bírò àti bébà ṣírò rẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fi ọkàn sí ni pé kúráńkì máa ń lọ́. Bó bá wà nílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, irin tó le koko ni, kò sì sí ẹni tó máa rí i tó máa rò pé nǹkan kan lè lọ́ ọ bí ẹni ń lọ́ aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń já lù ú. Ẹ mú sílíńdà tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 86, irú èyí tó pọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì lítà 2. Nígbà tí awakọ̀ bá tẹ̀ ẹ́ délẹ̀, tí epo àti afẹ́fẹ́ sì gbiná, ohun tó ń ti písítìn náà lè tó ìlọ́po 60 ti afẹ́fẹ́ tó yí wa ká. Bí a bá fi ìyẹn ṣírò ojú písítìn, ó tó tọ́ọ̀nù 3 àbọ̀. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn gbé Corolla mẹ́ta lé orí písítìn kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà, tó sì gbé wọn kúrò kí a tó ṣẹ́jú. Nínú ẹ́ńjìnnì sílíńdà 4, ẹ̀ẹ̀mejì ni èyí ń ṣẹlẹ̀ nínú gbogbo ìyípo kúráńkì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ìgbà 6000 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 200 ni irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ń já lu kúráńkì láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kò sí irin tó máa gba irú ìyẹn tí kò ní lọ́ díẹ̀, kó sì ta padà. Ẹ̀yìn kúráńkì, níbi tí fúláìwíìlì wà, kì í fi bẹ́ẹ̀ mira, torí ìwúwo fúláìwíìlì dì í mú. Iwájú ni kò rí ohun dì mú. Iwájú yẹn náà ni púlì wà, ibẹ̀ sì ni lílọ́ àti títa padà yìí ti ń pọ̀ jù lọ. Àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì kò ṣàdédé gbé rọ́bà síbẹ̀.

Lílọ́ nìkan kì í ṣe ohun tó ń pa irin. Ohun tó burú ni ìgbà tí lílọ́ náà bá bá ohùn kúráńkì mu. Bí ẹ bá lu agogo, bó ti wù kí ẹ lù ú, ohùn kan náà ló máa ń ké, torí ohùn yẹn ti wà nínú irin rẹ̀ látọjọ́ tí alágbẹ̀dẹ ti rọ ọ́. Kúráńkì náà ní ohùn tirẹ̀, gígùn rẹ̀, sísanra rẹ̀ àti ohun tí a so mọ́ ọn níwájú àti lẹ́yìn ló ń pinnu rẹ̀. Ká ní kúráńkì kan ń gbọ̀n ní ìgbà 400 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan bí a bá ta á. Nínú ẹ́ńjìnnì sílíńdà 4, bíbúgbàù inú sílíńdà kì í tì í lẹ́ẹ̀mejì nínú ìyípo kan nìkan. Ó tún ń gbé ìtì kéékèèké mìíràn wá, mẹ́rin, mẹ́fà, mẹ́jọ nínú ìyípo kan náà. Ní ìyípo 6000, ìtì mẹ́rin-mẹ́rin máa di ìgbà 400 gẹ́lẹ́. Ní ìyípo 4000, ìtì mẹ́fà-mẹ́fà ló máa dé ibẹ̀. Ní 3000, ó kan ti mẹ́jọ-mẹ́jọ. Ẹni tó bá ti ti ọmọ lórí jangirọ́fà rí mọ bó ṣe ń rí: agbára kékeré ni, àmọ́ bó bá ti bọ́ sásìkò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí jangirọ́fà ń padà wá, ọmọ náà á máa lọ sókè sí i, títí ẹ̀rù á fi ba ìyá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni lílọ́ kúráńkì ṣe ń pọ̀ sí i. Ó kéré gan-an lára ìyípo kan, ojú kò lè rí i, awakọ̀ kò sì ní mọ̀ ọ́n lára lórí ìjókòó, torí kì í ṣe mímì tó ń mi ọkọ̀. Inú irin ló ń parí sí. Ẹ́ńjìnnì sílíńdà 6 tó tò gbọọrọ, irú bíi 2JZ ti Toyota tàbí ti BMW, ni ọ̀rọ̀ yìí kan jù lọ: kúráńkì wọn gùn, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀, ìyípo tí awakọ̀ ń lò lójoojúmọ́ ló sì máa ń bá a pàdé.

Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ojú ara wọn rí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ́ńjìnnì sílíńdà 6, kúráńkì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹni tó ń wà á ṣi ọkọ̀ náà lò. Henry Royce bá ìṣòro náà jà, Frederick Lanchester náà bá a jà, ní nǹkan bí ọdún 1910 sì ni Lanchester gbé dáńpà rẹ̀ jáde, ohun kékeré kan tí wọ́n ń so mọ́ kúráńkì láti máa gba ìgbọ̀n náà sára. Ọ̀pọ̀ ohun tó ti wá lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ni. Èyí tó wà lára ọkọ̀ wa lónìí ni òrùka irin tó wúwo, tí wọ́n fi rọ́bà lẹ̀ mọ́ àárín púlì. Bí kúráńkì bá lọ́ síwájú lójijì, òrùka náà kì í fẹ́ bá a lọ, torí ó wúwo. Bí kúráńkì bá ta padà, òrùka ṣì ń lọ síwájú. Rọ́bà tó wà láàárín àwọn méjèèjì ló ń fà síhìn-ín sọ́hùn-ún, ohun tó yẹ kó máa lọ́ irin ni rọ́bà ń sọ di ooru, afẹ́fẹ́ sì ń gbé ooru náà lọ. Wọ́n yan ìwúwo òrùka àti líle rọ́bà kí wọ́n lè bá ohùn kúráńkì náà mu, ti kúráńkì kan kò sì ní bá òmíràn mu. Nítorí náà, ìwúwo tí àwọn olùtajà ń pè ní ẹrù asán, òun gan-an ni irinṣẹ́.

Ẹ wá jẹ́ ká wo èrè tí wọ́n ní ó wà níbẹ̀, torí kò yẹ ká dá ẹjọ́ láìgbọ́ tẹnu ẹnì kejì. Òtítọ́ ni pé ohun tó bá ń yí, tó sì fúyẹ́, máa ń tètè yára. Mo fẹ́ ká mọ iye rẹ̀ ni. Ẹ mú púlì kìlò 2 àbọ̀ tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15, kí ẹ fi ti alumíníọ̀mù tí kò ju ìdá 6 nínú 10 kìlò kan rọ́pò rẹ̀. Nínú jíà kìíní, níbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń yí bí ìgbà 14 kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan, ohun tí ẹ jèrè kò yàtọ̀ sí kí ẹ sọ kìlò 11 àbọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ náà. Ẹ fa epo bíi lítà 15 kúrò nínú táńkì, ibi kan náà ni ẹ ó dé. Nínú jíà òkè, tí ẹ́ńjìnnì ń yí bí ìgbà 4 fún ìyípo táyà kan, èrè náà kò tó kìlò 1: ìwọ̀n ọ̀rá píọ̀wọ́tà méjì. Lára ọkọ̀ tó wúwo tó kìlò 1200, láìtíì ka àwọn tó jókòó sínú rẹ̀, ta ni yóò mọ̀ ọ́n lára? Ohun tí ènìyàn máa mọ̀ ni pé bó bá tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ọkọ̀ dúró, ẹ́ńjìnnì á yára ké ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Etí ń gbọ́ ìyẹn, ọkàn sì ń gbà pé agbára ti pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ táyà kò tíì gbé ohunkóhun.

Wọ́n á ní, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn agbára ọkọ̀ fi hàn pé agbára ẹṣin pọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ náà, ìlù irin ńlá kan ni ọkọ̀ ń yí lórí rẹ̀, bí ìlù náà ṣe yára tó ni wọ́n fi ń ṣírò agbára. Bí ohun tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì bá fúyẹ́, ìlù á yára díẹ̀ sí i, ìwé tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde á sì pè é ní agbára. Ṣùgbọ́n iná tó ń jó nínú sílíńdà kò pọ̀ sí i, epo kò pọ̀ sí i, afẹ́fẹ́ kò pọ̀ sí i. Bí a bá gbé ọkọ̀ kan náà sórí ẹ̀rọ tó ń di ìyípo mú sójú kan, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣe 5000 láìyára láìfà sẹ́yìn, ìwúwo púlì kò ní nǹkan kan sọ níbẹ̀ mọ́, èrè náà á sì pòórá.

Ibì kan wà tí àwọn púlì náà ti ń dá agbára padà lóòótọ́, ìyẹn àwọn tí wọ́n dín fífẹ̀ wọn kù kí alternator, pọ́ǹpù omi àti AC lè máa yí díẹ̀díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Agbára tí wọ́n jí lọ́wọ́ àwọn yẹn ni wọ́n fi fún táyà. Fún ẹni tó ń sáré lórí pápá, tí kò tan AC, ó lè mọ́gbọ́n dání. Àmọ́ ẹ wò ó nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Èkó, lọ́wọ́ ọ̀sán, tí oòrùn mú ganrínganrín. Ẹ́ńjìnnì ń yí ní 750, alternator ń yí ní nǹkan bí 1900. Ẹ dín púlì kúráńkì kù ní ìdá kan nínú márùn-ún, alternator bọ́ sí 1500, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń tiraka kí wọ́n tó lè mú iná tó nǹkan jáde. Fáànù rédíétọ̀ tó ń lo iná ń fẹ́ iná, AC ń fẹ́ iná, pọ́ǹpù omi sì ti fà sẹ́yìn. Bátìrì ló máa san gbèsè náà, tàbí gásíkẹ́ẹ̀tì.

Nínú ohun tí àwọn tó ń gbe púlì yìí máa ń sọ, èyí tó gbajúmọ̀ jù ni pé ẹ́ńjìnnì wọn ti ní bálánsì nínú ara rẹ̀, nítorí náà kò nílò ohun tó wà níwájú. Orúkọ ló fa àṣìṣe yìí. Àwọn Amẹ́ríkà ń pe dáńpà ní balancer, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì sì rò pé bálánsì ló ń ṣe. Òótọ́ ni pé àwọn ẹ́ńjìnnì kan wà, irú bíi V8 lítà 5 àtijọ́ ti Ford, tí apá kan bálánsì kúráńkì wọn wà lára púlì iwájú. Bí ènìyàn bá fi odindi tí kò ní ìwúwo ẹ̀gbẹ́ sí i, gbogbo ọkọ̀ náà á máa gbọ̀n pẹ̀pẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ìyẹn dára, torí ó ń kìlọ̀. Àmọ́ bálánsì jẹ́ ọ̀rọ̀ bóyá ohun tó ń yí wúwo sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lílọ́ kò bá a tan. Kúráńkì tí bálánsì rẹ̀ pé pérépéré, tí wọ́n wọ̀n dé gíráàmù, á ṣì máa lọ́ torí pé iná ń jó nínú sílíńdà. Bí bálánsì bá bàjẹ́, ìjókòó á sọ fún yín. Bí lílọ́ bá pọ̀ jù, kò sí ẹni tó máa sọ.

Àríwísí tó lágbára ju ìyẹn lọ ni pé àwọn ọkọ̀ kan wà tí ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ fi púlì odindi sí. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n wà, pàápàá àwọn ẹ́ńjìnnì kéékèèké tí kúráńkì wọn kúrú, tó sì nípọn. Ohùn irú kúráńkì bẹ́ẹ̀ ga débi pé àwọn ìtì tó lágbára kò lè bá a nínú ìyípo tí ẹ́ńjìnnì náà lè dé. Rọ́bà mìíràn sì wà tí kì í ṣe ti kúráńkì rárá, tí wọ́n fi síbẹ̀ kí bẹ́ẹ̀tì má baà máa ké. Mi ò jiyàn ìyẹn. Fún irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, púlì fẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n gbẹ́ dáadáa kò ní ṣe ju pé kó gba owó lọ́wọ́ ẹni. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun tí ilé iṣẹ́ ṣe kí wọ́n tó pinnu: wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ imú kúráńkì, wọ́n yí i láti ìsàlẹ̀ dé òkè, wọ́n wọn bó ṣe ń lọ́ ní gbogbo ìyípo. Ẹni tó ń ta púlì pupa, ṣé ó ti wọn ti ọkọ̀ yín? Wíwo rọ́bà lásán kò lè sọ fún wa bóyá ti bẹ́ẹ̀tì ni tàbí ti kúráńkì. Níbi tí a kò bá ti mọ̀, ìpinnu ẹni tó wọ̀n ọ́n ni mo máa tẹ̀ lé.

Àwọn mìíràn tó mọ ẹ̀rọ díẹ̀ á ní púlì fẹ́ẹ́rẹ́ ń gbé ohùn kúráńkì sókè, torí ìwúwo iwájú ti dín kù, pé ó sì lè gbé e kúrò ní ibi tí ìtì ti ń bá a. Apá àkọ́kọ́ jẹ́ òtítọ́. Ẹ padà síbi kúráńkì wa tó ń ké ní 400. Ká ní ohùn rẹ̀ wá di 430. Ìtì mẹ́rin-mẹ́rin tó ń bá a ní 6000 tẹ́lẹ̀ á wá máa bá a ní 6450, ti mẹ́fà-mẹ́fà á kúrò ní 4000 lọ sí 4300. Ó kúrò níbì kan, ó bọ́ síbòmíràn tó ṣì wà lójú ọ̀nà. Nígbà tí dáńpà wà níbẹ̀, ó ti pín òkè gíga kan ṣoṣo tí lílọ́ ń gùn sí òkè kékeré méjì, ó sì tún ń fi rọ́bà jẹ wọ́n. Nísinsìnyí òkè gíga náà ti padà wá, kò sì sí ohun tó ń jẹ ẹ́.

"Mo ti ń lò ó láti ọdún méjì, kò sí ohun tó ṣe é." Ọ̀rọ̀ yìí ni ó ń fi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn balẹ̀, mo sì fẹ́ dúró lórí rẹ̀ díẹ̀, torí ìwà irin ló wà níbẹ̀. Irin kì í ṣẹ́ bí igi tí ẹrù pa. Bí ẹ bá fẹ́ já wáyà pẹ̀lú ọwọ́, ẹ kò ní fà á. Ẹ ó tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, ní ìkẹwàá tàbí ogún, á já. Kò sí èyíkéyìí nínú títẹ̀ wọ̀nyẹn tó le ju èkínní lọ. Bí irin kúráńkì náà ṣe rí nìyẹn, àfi pé iye ìgbà rẹ̀ pọ̀. Bí lílọ́ bá kéré tó ìwọ̀n kan, irin lè máa gbà á títí ayé. Bó bá fi díẹ̀ kọjá ìwọ̀n náà, ó ní iye ìgbà tó máa gbà kí ó tó ya, ó sì lè tó mílíọ̀nù kan tàbí mílíọ̀nù mẹ́wàá. Mílíọ̀nù mẹ́wàá dà bí ohun tí kò lè tán láé, àmọ́ kúráńkì tó ń gbọ̀n ní ìgbà 400 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan á pé e láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 25,000, ìyẹn wákàtí méje kò pé. Wákàtí méje ní ìyípo tó bá ohùn rẹ̀ mu. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ náà lọ síbi iṣẹ́ nínú ìlú, tó ń gba ibẹ̀ kọjá fún ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí méjì lóòjọ́, lè lo ju ọgbọ̀n ọdún lọ kí ó tó kó wákàtí méje jọ. Ẹni tó ń fi í sáré ní òpópónà Èkó sí Ìbàdàn tàbí lórí pápá, ìyípo rẹ̀ sì wà ní ojú ibi náà, lè kó o jọ láàárín oṣù díẹ̀. Torí ìdí èyí ni ẹnì kan fi ń búra pé kò sí ewu, tí ti ẹlòmíràn sì já sí méjì. Nígbà tó bá sì já, ọ́ìlì ni wọ́n máa dá lẹ́bi, tàbí bíárìn, tàbí ẹni tó tún ẹ́ńjìnnì náà ṣe kẹ́yìn. Kò sí ẹni tó máa rántí púlì tí wọ́n ti yí padà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn.

Lọ́pọ̀ ìgbà kì í tilẹ̀ ṣe kúráńkì ló ń kọ́kọ́ lọ. Ohun tó bá wà nítòsí imú rẹ̀ ló ń jìyà. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, pọ́ǹpù ọ́ìlì wà lórí imú kúráńkì gan-an, jíà rẹ̀ sì há mọ́ ọn. RB26 ti Nissan rí bẹ́ẹ̀, ti Mazda MX-5 àtijọ́ rí bẹ́ẹ̀, 1ZZ tó wà nínú ọ̀pọ̀ Corolla tó ń rìn ní títì wa náà rí bẹ́ẹ̀. Irin jíà pọ́ǹpù máa ń le, àmọ́ kì í fẹ́ kí wọ́n máa gbá òun: bí kúráńkì bá ń ta síwá-sẹ́yìn nínú rẹ̀, á ya bí àwo tánganran. Àwọn tó ń fi RB26 sáré mọ ìyẹn dáadáa, torí wọ́n ń ra jíà pọ́ǹpù tó lágbára jù ú lọ. Bí jíà pọ́ǹpù bá fọ́, kò sí ọ́ìlì mọ́, ẹ́ńjìnnì á sì há kí awakọ̀ tó ráyè gẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Àwọn ẹ́ńjìnnì kan tún wà, irú èyí tí Mazda ń pè ní MZR tí Ford ń pè ní Duratec, tí kò sí kíì kankan tó há jíà táímìn mọ́ kúráńkì. Bóòtù iwájú nìkan ló fún gbogbo wọn pọ̀. Alumíníọ̀mù rọ̀ ju irin lọ, ó sì máa ń wú jù ú lọ bí ooru bá mú un. Bí fífún yẹn bá dẹ̀, tí kúráńkì sì ń ta, táímìn á yọ̀, fáfù á pàdé písítìn. Mo fẹ́ fi kún un pé àwọn tòkúnbọ̀ tó ń wá láti Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ṣe láti 1996 síwájú, ní kọ̀ǹpútà tó ń fi bí ìyípo kúráńkì ṣe ń lọ mọ̀ bóyá sílíńdà kan kò jó. Bí ìyípo náà bá di gbági-gbàgì, kọ̀ǹpútà lè tan iná "check engine", kí wọ́n sì máa pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì tí kò ṣe nǹkan kan.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi àwọn eléré ìje dẹ́rù bà yín. Àwọn tó ń sáré gidi ní Amẹ́ríkà kì í yọ dáńpà. Èyí tó dára jù ni wọ́n ń rà, irú bíi Fluidampr tí ohun tó ki bí oyin wà nínú rẹ̀ dípò rọ́bà, tàbí ti ATI. Àjọ SFI tó ń ṣètò ààbò eré ìje níbẹ̀ ní ìlànà kan fún un, 18.1, kí dáńpà má baà fọ́ ká níbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń yí kíkankíkan. Àwọn díẹ̀ tó ń lo odindi, wọ́n ń tú ẹ́ńjìnnì wọn palẹ̀ lẹ́yìn eré díẹ̀, wọ́n ń yẹ kúráńkì wò bóyá ó ti sán, wọ́n sì ń jù ú nù láìkáàánú. Ta ló ń ṣe ìyẹn fún ọkọ̀ tó ń gbé ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́?

Ẹjọ́ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ gbà fún wọn: rọ́bà kì í tọ́jọ́. Ooru ẹ́ńjìnnì ń gbẹ ẹ́, ọ́ìlì tó ń jò láti síìlì iwájú ń jẹ ẹ́, ọkọ̀ tó sì ti pé ogún ọdún kí ó tó dé èbúté Àpápá, rọ́bà rẹ̀ ti lè sán yíká. Ti 2JZ lókìkí fún èyí. Òrùka òde rẹ̀ lè bọ́ kúrò lára àárín, kó sì máa jẹ ìdérí táímìn. Àwọn olùtajà á ní, ṣé ẹ rí i, odindi kò lè já bẹ́ẹ̀. Kò lè já lóòótọ́, àmọ́ ìtìjú rọ́bà tó gbó kọ́ ni a fi ń dá ẹjọ́ rọ́bà tó ṣì dára. Dáńpà tó gbó, dáńpà tuntun ni a fi ń rọ́pò rẹ̀. Èyí tí ẹ bá rí ní ọjà Ládìípọ̀ tó ti ara ẹ́ńjìnnì àlòkù wá lè ti gbó ju ti yín lọ, nítorí náà ẹ yẹ rọ́bà rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó. Èyí tó burú ju púlì pupa lọ pàápàá ni kí wọ́n gbé púlì tí rọ́bà rẹ̀ já lọ fún jórinjórin, kó fi iná jó òrùka òde mọ́ àárín. Ó ti di odindi nìyẹn, gbogbo ìwúwo rẹ̀ sì ṣì wà níbẹ̀, láìsí ohun tó ń gba ìgbọ̀n sára. Ohùn kúráńkì á sọ̀ kalẹ̀ sí ìyípo tí ẹ́ńjìnnì ń lò nígbà gbogbo, bí jórinjórin náà kò bá sì gbé òrùka náà sí àárín gbùngbùn, bálánsì tún ti lọ.

Láti mọ bí tiyín ṣe wà, ẹfun àti àkísà ti tó. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ nu ojú púlì mọ́, kí ẹ wá fa ìlà funfun kan tààrà láti àárín, gba orí rọ́bà, dé etí. Ẹ wa ọkọ̀ náà fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí ìlà náà bá ṣì tọ́, rọ́bà ń di òrùka mú. Bó bá ti yà, tí ti etí kò sí lọ́gangan ti àárín mọ́, òrùka ti ń yọ̀ lórí rọ́bà. Nínú ẹ́ńjìnnì tí àmì táímìn rẹ̀ wà létí púlì, ẹni tó bá fi àmì yẹn tún táímìn ṣe lọ́jọ́ náà á gbé e síbi tí kò yẹ, bó ti wù kó mọ iṣẹ́ tó.